Wembanyama àti Gobert: ṣé ó yẹ kí Faransé tún so wọ́n pọ̀?

Láti ìgbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2024 ti parí ní Paris, àríyànjiyàn kan ò tíì tán láàárín àwa tá a fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì: ṣé ó yẹ kí ikọ̀ Faransé máa fi Victor Wembanyama àti Rudy Gobert sórí pápá pa pọ̀? Tiwa ni pé kò yẹ, àfi fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Téèyàn bá gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì lásán, inú rẹ̀ á dùn. Gobert ga ní mítà 2,16, ó sì ti gba ẹ̀bùn ẹni tó mọ ìdènà jù lọ ní NBA lẹ́ẹ̀mẹrin. Wembanyama ga jù ú lọ. Ta ló fẹ́ kọjá wọn? Akọ́nimọ̀ọ́gbá Vincent Collet náà kọ́kọ́ gbára lé wọn. Faransé na Bràsíìlì 78 sí 66. Ti Japan le: àfi ìgbà tí wọ́n fi àkókò kún un kí wọ́n tó borí, 94 sí 90. Lẹ́yìn náà ni Jámánì nà wọ́n 85 sí 71.

Kí ló fà á? Gobert kì í ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á kàn dúró gbọn-in lábẹ́ agbọ̀n, á sì dínà mọ́ àwọn yòókù. Ni Wembanyama bá ń bọ́ síta, níbi tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í ti í bani tó ti abẹ́ agbọ̀n.

Nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́jọ, tí Faransé fẹ́ kojú Kánádà, Collet yí i padà. Ó fi Guerschon Yabusele ti Wembanyama lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gobert ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Yabusele ò ga tó Gobert, ṣùgbọ́n ó lágbára, ó sì ń jù ú wọlé láti òkèèrè. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e jáde, ọ̀nà á sì ṣí. Faransé borí 82 sí 73, Yabusele nìkan gba 22. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n na Jámánì yẹn kan náà 73 sí 69. Amẹ́ríkà ló wá gba wúrà, 98 sí 87, síbẹ̀ Wembanyama gba 26, Yabusele gba 20.

Àwọn kan á ní ìka ọwọ́ ló ń dun Gobert. Òótọ́ ni, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn míì á ní òun àti Karl-Anthony Towns, géńdé méjì, ṣe dáadáa ní Minnesota. Òótọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ní sáà 2023-2024, nínú 100 bọ́ọ̀lù tí Towns bá jù láti òkèèrè, bíi 42 ló ń wọlé. Ti Wembanyama ò ju bíi 33 lọ. Gíga kọ́ ni ìṣòro, àyè ni.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìdí tá a fi ń so èèyàn méjì pọ̀ nìyẹn: kí ọ̀kan ṣe ohun tí èkejì ò lè ṣe. Frédéric Fauthoux ló gba ipò Collet. Tó bá di Los Angeles ní 2028, Gobert á ti pé ẹni ọdún 36. Ohun tá a fẹ́ kó bi ara rẹ̀ ni pé: ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún Wembanyama? Orúkọ ńlá nìkan ò lè ṣí i.