Ẹ Wo Nọ́ńbà Kẹ́ ẹ Tó Ra Wúùlù Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ fẹ́ràn súwẹ́tà híhun, ọ̀rọ̀ yín rèé o. A mọ̀ yín! Bí bàbá bá kó gbogbo ilé lọ lo ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, táwọn ọmọ ń pariwo ibi ìṣeré, ìyá á ti yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wúùlù. A ò bá yín wí. Àmọ́ ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ yẹ bébà tí wọ́n fi dì í wò, nọ́ńbà aró wà lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n jọ rẹ láró pọ̀ ló ń ní nọ́ńbà kan náà. Àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta kúkú mọ̀ pé aró tòní lè má rí bíi tàná.

Bí nọ́ńbà ò bá dọ́gba, wúùlù méjì lè jọra lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, kí apá súwẹ́tà kan wá pọ́n ju èkejì lọ nínú oòrùn. Ọmọ á wá dà bí ẹni tó yá apá ẹlòmíì wọ̀!

Bó bá wá ku ìdì kan kẹ́ ẹ parí iṣẹ́ l'Ékòó, ta ló fẹ́ẹ́ tìtorí ẹ̀ wọ bàálù? Ẹ ra ìdì kan lé iye tẹ́ ẹ rò. Gíráàmù 50 tàbí 100 ni ọ̀pọ̀ ìdì, kò lè pa ẹrù lára. Ó sàn kó ṣẹ́ kù ju kó má tó lọ.