Òfò Yàtọ̀ sí Àrùn: Ọ̀rọ̀ lórí Fífi Owó Ara Ẹni Ra Adójútòfò Ìlera

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Mo júbà olúwo mi, ẹni tí ó kọ́ mi ní Ifá fún ọdún mẹ́tàlá kí ó tó gbà pé kí n máa dá Ifá fún ènìyàn. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti bọ Ifá tán tí a sì ń jẹun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi gbé ìbéèrè kan kalẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń ṣe ní Ìbàdàn níbí. Ó ní ọmọbìnrin kan wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ kí òun máa san owó adójútòfò ìlera lọ́dọọdún, kí ilé ìwòsàn lè máa tọ́jú òun láìgba owó lọ́wọ́ òun nígbà tí ara òun kò bá yá. "Bàbá," ni ó wí, "ṣé kì í ṣe pé ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́ pe àìsàn? Àwa tí a ní Ifá, tí a ní ewé, kí ni a fẹ́ fi ṣe?" Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé n óò kọ èsì mi sílẹ̀, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Adójútòfò: ohun tí ó dójú ti òfò. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti Ifá mọ Òfò. Ó wà lára àwọn ajogun, àwọn ọ̀tá ọmọ ènìyàn tí a máa ń ka orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n, Èse. Ẹ wò ó pé Àrùn dá dúró, Òfò náà dá dúró. Bí a bá dá Ifá tí ó fọ ibi, a kì í sáré kéde ẹbọ. A óò kọ́kọ́ fi ìbò bèèrè irú ibi tí ó jẹ́, bóyá ti ikú ni, bóyá ti àrùn ni, bóyá ti òfò ni, nítorí pé ohun tí a fi ń rúbọ fún ọ̀kan lè má jẹ́ ohun tí èkejì yóò gbà. Babaláwo tí kò bá bèèrè, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé.

Àṣìṣe ọmọ awo mi ni pé ó ka Àrùn àti Òfò sí ọ̀kan ṣoṣo. Owó tí ènìyàn san fún adójútòfò kì í lé àrùn lọ, kì í sì í pè é wá. Kò tilẹ̀ bá àrùn sọ̀rọ̀ rárá. Òfò tí ó máa ń tẹ̀ lé àrùn wọ ilé ni ó dojú kọ. Ewé, ẹbọ, àkóṣe, abẹ́rẹ́ dókítà, ìwọ̀nyí ni a fi ń bá àrùn jà. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí a fẹ́ fi adójútòfò ṣe nígbà tí a ní ewé dà bí ẹni tí ó ń bèèrè ohun tí a fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe nígbà tí a ní òrùlé.

N óò sọ ohun tí ó jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó awo kan nínú ẹgbẹ́ wa rọbí ní òru. Èmi ni mo dá Ifá oyún náà láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹbọ tí Ifá yàn ni a sì rú. Nígbà tí ìrọbí náà pẹ́ jù, agbẹ̀bí ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbé ọmọ náà jáde. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ san 180,000 náírà sílẹ̀. 35,000 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago kan òru ni ó pè mí. Mo pe àwọn tí mo mọ̀, àwọn yẹn pe àwọn tí wọ́n mọ̀; àwọn kan ti pa fóònù wọn, àwọn kan fi 2,000 ránṣẹ́, àwọn kan fi 5,000. Ilẹ̀ ti mọ́ kí owó náà tó pé. Ìyá yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà. Ọmọ kò yè. Lẹ́yìn náà ni ọkọ ta ọ̀kadà tí ó fi ń ṣiṣẹ́, kí ó lè san ìyókù owó tí ilé ìwòsàn kọ fún un.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bi mí léèrè nígbà náà pé ṣé ẹbọ náà kò dà ni. N kò bínú sí wọn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ọkàn mi lọ́pọ̀ òru. Ohun tí mo rí ni pé a rúbọ fún ikú, a rúbọ fún àrùn, ṣùgbọ́n Òfò ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ti pèsè ohunkóhun sílẹ̀ dè é. Èmi àgbà náà kò pèsè.

Àtakò mìíràn tí mo máa ń gbọ́ ni pé bí ara ènìyàn bá le láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé ìparí rẹ̀, owó tí ó san ti ṣègbé nìyẹn. Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ẹnu àwa tí a ń rúbọ jáde. Láti nǹkan bí ogójì ọdún tí mo ti ń rúbọ fún ènìyàn, kò tíì sí ẹni tí ó padà wá bá mi ní ìparí ọdún pé, "Bàbá, ikú tí ẹ wí kò wá, ẹ dá ewúrẹ́ mi padà."

Àwọn baba wa pàápàá mọ̀ pé owó ẹnì kan kò tó láti dojú kọ òfò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ń dáwó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí. Èésú dára fún ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ìgbà tí yóò kan ènìyàn láti kó owó. Àjọ ní tirẹ̀ kò lè fún ènìyàn ju ohun tí ó ti dá lọ. Ìdáwó ẹgbẹ́ ni ó sún mọ́ adójútòfò jù, àléébù rẹ̀ sì ni ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni a tó ń wá owó kiri.

Ètò ti ìjọba kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Orí ìwé ni dandan yìí wà. Òṣìṣẹ́ oṣù, wọn yóò yọ ọ́ lára owó rẹ̀. Ta ni yóò yọ owó lára babaláwo, télọ̀, aláta tàbí àgbẹ̀? Títí di òní, ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí a ń ná sórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń jáde láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé ọmọ yín tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti fi yín sínú tirẹ̀: òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà gbà wọlé. Baba àti ìyá kò sí níbẹ̀. (Ẹ̀yin awo tí ẹ ní aya méjì, ẹ gbọ́ o: ọ̀kan péré ni wọ́n kà.) Àwa tí a kò ní ọ̀gá, àwa fúnra wa ni a óò rà á, yálà nínú ètò ìpínlẹ̀ wa, irú èyí tí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkó ní, tàbí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní HMO.

Èmi fúnra mi ṣe iyè méjì fún bí ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní mo ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Iye tí wọ́n pè fún mi tó ra àgbò ńlá méjì, kò sì ní kan ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ títí ọdún kan yóò fi kọjá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde. Ètò ìpínlẹ̀ ni mo wá wọ̀. Owó rẹ̀ fún ọdún kan kò tó owó òbúkọ kan, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín, ìtọ́jú rẹ̀ kò dọ́gba láti ibì kan dé ibòmíràn. Nítorí pé ilé ìwòsàn kan sún mọ́ ilé mi nìkan ni mo ṣe yàn án. Oṣù mẹ́ta léra ni wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tán, kí n lọ rà á níta. Àwọn tí ó ń san owó lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè wọlé, àwa oníkáàdì a sì máa jókòó.

Mo wádìí ohun tí ó fà á. Iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí olúkúlùkù ẹni tí ó yàn án, yálà ẹni náà wá tàbí kò wá. Ilé ìwòsàn tí ó bá ní ìwà yóò tọ́jú yín kí ọ̀rọ̀ má baà le. Èyí tí kò ní ìwà mọ̀ pé bí ẹ kò bá wá mọ́, owó náà ṣì ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ènìyàn pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ yàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó jókòó ti àwọn oníkáàdì lórí bẹ́ǹṣì, kí ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wọn. Mo yí ilé ìwòsàn mi padà ní ọdún kejì.

Ní ọdún kejì yẹn náà ni ìpá tí mo ti ń fi ewé tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ dé ibi tí apá ewé kò ká a mọ́. Mo mọ ewé ìpá, mo sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí n fi ewé sílẹ̀. Olúwo mi ni ó kọ́ mi ní méjèèjì. (Awo tí ó ń sọ fún aláìsàn pé Ifá kò fẹ́ ilé ìwòsàn, kí ó fi odù tí ó ti rí i hàn mí.) Ilé ìwòsàn kékeré kọ ìwé fún mi lọ sí èyí tí ó tóbi, kóòdù tí wọ́n fi ń gba àṣẹ iṣẹ́ abẹ sì gba ọjọ́ méjì kí ó tó jáde. Ọjọ́ méjì náà gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni mo san. Àwọn ọmọ mi kò ta nǹkan kan. Kò sí ẹni tí mo pè ní aago kan òru.

Nítorí náà, mo gbà pé ó yẹ kí a rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá. Àwọn tí ń tà á fẹ́ràn láti máa ka ibà, ikọ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè ti àpò ara wa san owó ibà. Òfò tí apá wa kò ká ni kí a wò: iṣẹ́ abẹ, ìbímọ tí ó ní ìṣòro, ìjàǹbá ọ̀nà, àìsàn tí yóò mú kí a sùn sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ bèèrè nípa kíndìnrín àti jẹjẹrẹ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti máa ń fi òdiwọ̀n sí ohun tí wọn yóò san. Ètò tí ó bá dúró lórí ibà, tí ó sì yọ àwọn ńlá wọ̀nyí sílẹ̀, ó gba owó ẹbọ láìgbé ẹbọ dé ìdí Èṣù. Ẹni tí ó bá ní owó nílẹ̀ tí ó lè san iṣẹ́ abẹ lónìí láìyá owó lè fi sílẹ̀ bí ó bá wù ú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tèmi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ awo mi gbé ìwé tí ọmọbìnrin náà fún un wá. A jọ kà á, a sì kọ ìbéèrè mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀: ilé ìwòsàn wo ni ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jù, iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n yọ sílẹ̀, oṣù mélòó ni yóò kọjá kí wọ́n tó san owó ìbímọ, ta ni ó ń fún ilé ìwòsàn ní kóòdù ní aago kan òru. Ó pe ọmọbìnrin náà lójú mi. Ọmọ náà dáhùn mẹ́ta dáadáa, kò sì parọ́: oṣù mẹ́wàá ni ti ìbímọ. Ní ti ìkẹrin, ó ní òun yóò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ìyàwó ọmọ awo mi wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Ní ọjọ́ Ajé, àwa méjèèjì yóò lọ sí ọ́fíìsì ètò ìpínlẹ̀, kí a lọ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin kan náà. Káàdì tèmi náà yóò parí ní òpin oṣù yìí.