Awò Òru Kò Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀

Awò ìríran òru tí àwọn awakọ̀ òfurufú ológun ń so mọ́ àṣíborí wà lára irinṣẹ́ tí ìjọba lè fi gba igbó Èkìtì padà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Síbẹ̀, èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé awò náà kò ní lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún bí àwọn òkè àti òpó tí ó wà lórí ilẹ̀ kò bá tíì ní àkọsílẹ̀, tí àwọn tí ń fi ẹ̀tọ́ rìn nínú igbó lóru kò sì ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà fi ara wọn hàn.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan Èkìtì kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Òkè-Àkó. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì, tí wọn kò sì rí ìtúsílẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Ní ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gba bàálù ogun A-29 Super Tucano 12, èyí tí a ti ṣètò iná inú rẹ̀ kí awakọ̀ lè lo awò òru níbẹ̀. Adó-Èkìtì náà ti ní pápákọ̀ òfurufú ní ìhà Ìjàn, tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ gùn ju kìlómítà 3 lọ, tí bàálù àkọ́kọ́ sì balẹ̀ sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọdún 2022. Nígbà tí ohun èlò ti ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà báyìí, ó yẹ kí òye ohun èlò ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ojú méjì ni awò yìí ní bíi ti awò ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kì í fa ohun tí ó jìnnà mọ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ìmọ́lẹ̀ kékeré di púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá tàbí ti ìràwọ̀, pẹ̀lú irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ó kọjá àwọ̀ pupa, tí ojú lásán kò lè rí, ń wọ inú rẹ̀ lọ kọlu awẹ́ tín-ín-rín kan tí a fi èròjà gallium arsenide bò. Awẹ́ náà ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ìyẹn àwọn egunrín tí iná mànàmáná fi ń ṣàn; àwọn egunrín wọ̀nyí ń gba inú àwo kan tí ó kún fún ihò tíntìntín kọjá, níbi tí ọ̀kan ti ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún bí ó ti ń forí gbá ara ihò, kí wọ́n tó ya àwòrán sórí gíláàsì tí ń tàn ní àwọ̀ ewé, tàbí ní funfun nínú àwọn awò tuntun. Níbi tí kò bá ti sí ìmọ́lẹ̀ kankan, awò náà kò ní ohun tí yóò sọ di púpọ̀: kò lè rí abẹ́ ewé igbó tí ó dí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣú nínú kùrukùru àti nínú eruku ọyẹ́.

Awakọ̀ tí ó bá dé e náà ń san owó orí ohun tí ó ń rí. Ìwọ̀n dígírì 40 péré ni ọ̀pọ̀ awò wọ̀nyí ń fi hàn án, nígbà tí ojú lásán lè rí nǹkan bí 180, tí ó fi jẹ́ pé ṣe ni yóò máa yí orí kiri láìsinmi, pẹ̀lú ẹrù tí ó tó ìdajì kílò níwájú orí. Ó ṣòro fún un láti mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, nítorí pé àwòrán inú awò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi fọ́tò. Abẹ́ awò ni ó ń gbà wo àwọn ohun èlò tí ó wà níwájú rẹ̀, iná tí ó sì wà lára wọn kò gbọdọ̀ pupa, nítorí pé iná pupa ń fọ́ awò náà lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òkè àti òpó Èkìtì gan-an nìyí. Ẹni tí ó bá dúró ní Adó-Èkìtì lálẹ́ ń rí iná pupa lórí òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá jẹ́ irú LED kan tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá àwọ̀ pupa, awakọ̀ tí ó dé awò lè má rí i rárá. Láti ọdún 2009 ni àwọn aláṣẹ òfurufú Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ nípa ewu yìí. Wáyà iná tí ó gba àárín òkè kọjá tún burú ju òpó lọ, nítorí pé ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí awò kì í sábà fi hàn títí bàálù yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan ti tó: ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní, ọdún 2025, hẹlikọ́pítà ológun kan tí ó wà lẹ́nu ìdánwò tí ó ní í ṣe pẹ̀lú awò òru kọlu bàálù èrò nítòsí pápákọ̀ òfurufú Washington, ènìyàn 67 sì kú.

Ewu kejì wúwo jù ú lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Awò tí ó borí òkùnkùn kò mọ̀ ọ́n náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọdún 2023, bàálù aláìlawakọ̀ ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ju bọ́ǹbù sórí àwọn tí ń ṣe ọjọ́ ìbí Ànábì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, òkú tí NEMA, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kà sì lé ní 80. Irú ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe awò orí àṣíborí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ibẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí awò èyíkéyìí: wọ́n rí àwọn ènìyàn, wọn kò mọ̀ wọ́n. Nínú igbó Èkìtì, ọkùnrin tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká lóru, tí ó so iná mọ́ iwájú orí, lè jẹ́ ọdẹ tí ń wá ẹran ìgbẹ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ajínigbé. Láti òkè, iná orí rẹ̀ yóò tàn bí ìràwọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọ̀ ewé kan náà ni awò yóò sì fi kun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, kí ìjọba Èkìtì tó bẹ̀bẹ̀ fún bàálù tí yóò máa ṣọ́ igbó lóru, ó yẹ kí ó ka gbogbo òpó, wáyà àti òkè tí ó ga, láti Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ dé igbó Ìrelé, kí ó sì rí i pé iná tí awò òru lè rí wà lórí àwọn òpó náà. Àmọ̀tẹ́kùn, tí òfin gbé kalẹ̀ ní Èkìtì ní ọdún 2020, ni ó yẹ kí ó máa gba orúkọ ọdẹ tí yóò wọ igbó kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó fún un ní àmì tí awakọ̀ lè dá mọ̀ láti òkè, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àwọn ológun òfurufú kí bàálù tó gbéra. Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, kí ìwádìí rẹ̀ hàn sí gbogbo ìlú, kí ẹni tí ó farapa má sì máa wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ kiri. Ìgbà tí ọdẹ bá lè wọ igbó nígbà tí bàálù ń fò lókè, tí ó sì dá aya rẹ̀ lójú pé yóò padà wálé láàárọ̀, ni awò òru tó di ohun ààbò fún Èkìtì.