Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sùn ní ilé ìwòsàn



Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Oorun àwọn àgbàlagbà wa tí àìsàn gbé dé ilé ìwòsàn ni. Èrò mi ni pé àwa ará ilé, tí a fẹ́ràn wọn, àwa gan-an ni a máa ń lé oorun lójú wọn.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe. Bí ara bàbá kò bá yá, a gbé e láti Gouka lọ sí Bantè tàbí Savalou. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún, bá a lọ. Èyí dára. Ará ilé ni í se oúnjẹ, òun ni í fọ aṣọ, òun ni í lọ ra oògùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Fóònù ń dún. Rédíò ń sọ̀rọ̀. A ń jiyàn owó lórí aláìsàn. Àlejò dé lálẹ́, ó ní: “Ẹ jí bàbá, kí ó mọ̀ pé mo wá.” A sì jí i.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá bàbá mi wà ní ilé ìwòsàn, ariwo wa kò jẹ́ kí ó sùn fún òru mẹ́ta. Ní òru kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó ti kú. Kò dá mi mọ̀ mọ́. Ó fẹ́ dìde lọ sí oko. Àwọn kan ní àwọn òkú ló ń pè é, kí a gbé e padà sílé. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní òru náà kọ̀. Ó yẹ bàbá wò, ó fún un ní oògùn àìsàn rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wa jáde, kí ó ku ẹnì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàbá pè mí lórúkọ, ó sì béèrè iṣu rẹ̀.

Kí ló fà á? Oorun àgbàlagbà fúyẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ìró kékeré a máa jí i. Ìtọ̀ a máa jí i. Ní ilé ìwòsàn, irora, iná àti ibùsùn tí kò mọ́ ọn lára tún kún un. Bí àìsàn àti àìsùn bá pàdé nínú ara arúgbó, iyè rẹ̀ lè dàrú fún ìgbà díẹ̀. Ibà, òùngbẹ àti àwọn oògùn kan náà lè fà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkú. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún dókítà kíákíá. Ẹ má gbé aláìsàn sá lọ sílé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sharon Inouye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo aláìsàn 852 tí ọjọ́ orí wọn tó 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Wọ́n ṣètò ìtọ́jú pàtàkì fún 426 nínú wọn, bí olúkúlùkù ti nílò rẹ̀: wọ́n dín ariwo òru kù, wọ́n fún wọn ní ohun mímu gbígbóná, wọ́n fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè sùn, wọ́n sì mú wọn rìn lọ́sàn-án. Iyè ènìyàn 42 ló dàrú nínú wọn. Nínú 426 yòókù, ènìyàn 64 ni. Ẹ rí i pé ọwọ́ àwa náà tó irú iṣẹ́ yìí.

Kí ni kí a ṣe?

1. Kí ẹnì kan péré sùn ti aláìsàn. Kí àwọn yòókù sùn níbòmíràn.
2. Kí a pa rédíò, kí fóònù má dún.
3. Kí àgbàlagbà má jẹ obì, kí ó má mu kọfí láti ọ̀sán lọ. Àwọn méjèèjì ń lé oorun.
4. Bí dókítà bá gbà, kí a gbé e jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà lọ́sàn-án, kí a bá a sọ̀rọ̀, kí ó má sùn jù.
5. Kí a ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí ibùsùn rẹ̀.
6. Bí nǹkan bá ń dùn ún, kí a sọ fún àwọn olùtọ́jú. Kí a má ra oògùn oorun lọ́jà fún un. Ó lè mú kí ó ṣubú, ó sì lè da iyè rẹ̀ rú sí i.

Bí àkókò oògùn bá tó lóru, kí a jẹ́ kí olùtọ́jú jí i. Ṣùgbọ́n mo bẹ àwọn olùtọ́jú náà: ohun tó bá lè dúró di àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró.

Ẹnì kan lè ní: “Bí n kò bá jí bàbá, yóò rò pé mo kọ òun sílẹ̀.” Mo bi í pé: ṣé ẹni tó gbin iṣu a máa wú u wò lójoojúmọ́? Ẹ wá kí bàbá lọ́sàn-án. Lóru, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ọ̀wọ̀ ni èyí náà jẹ́ fún àgbà.