Abẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Adùn Ṣokoléètì Ti Ń Wá

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ wa lẹ́nu láti Ìdànrè títí dé Ilé-Olújì: pé kòkó kàn jẹ́ kòkó ni, Swítsàlandì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló ń fi adùn sí i. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ tí Rodolphe Lindt ṣe ní Bern lọ́dún 1879 ń mú ṣokoléètì kúnná, ó sì ń dín kíkan rẹ̀ kù, àmọ́ kò lè fún kóró ní ohun tí kò bá a wá láti oko.

Bí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó, tó kó kóró tútù jọ pẹ̀lú omi funfun ara rẹ̀, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ìwúkàrà á sọ adùn omi náà di ọtí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn á sọ ọtí náà di kíkan. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú òkìtì yẹn lọ́jọ́ kẹta: ọwọ́ ò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Ooru àti kíkan yẹn ló ń pa ọlẹ̀ inú kóró, tí inú tó pọ́n bí àlùkò á wá máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí yíyan yóò sọ di òórùn ṣokoléètì ń dá sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí méje ni, àgbẹ̀ á sì máa yí i kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá la kóró tí wọ́n kó sóòrùn lọ́jọ́ kejì: ó korò, ó ń fún ẹnu pọ̀, yíyan kankan ò lè tún un ṣe. Èyí tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ, èéfín náà ni yóò máa rùn.

Wọ́n ní kòkó tiwa ni kò dáa. Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́dún 1986, ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń wò. Ẹni tó bò ó ọjọ́ mẹ́fà àti ẹni tó bò ó ọjọ́ méjì, iye kan náà ni wọ́n ń gbà, kòkó àwọn méjèèjì á sì dà pọ̀ nínú ilé ẹrù. Ta ni yóò wá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò? Ọjà ló bà á jẹ́, kì í ṣe ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe igi wa.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ṣokoléètì láti orí kóró fi ń wá kòkó oko kan ṣoṣo. Wọ́n mọ ẹni tó bò ó, wọ́n sì ń rọra yan án kí ìtọ́wò oko yẹn má baà sọnù. Ti Madagascar a máa kan bí èso.

Àwọn kan á ní ooru wa ò gba ṣokoléètì. Chocolaterie Robert ti ń ṣe é ní Madagascar láti 1940. Grenada Chocolate Company bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, ní erékùṣù tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Ní Gánà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Kimberly àti Priscilla Addison, dá '57 Chocolate sílẹ̀. Ta ló sọ pé òtútù ń mú ní Accra?

Kí ẹni tó bá wá ra kòkó l'Óǹdó máa la kóró wò kó tó gbé àpò sórí ìwọ̀n, kó sì san owó ọ̀tọ̀ fún èyí tí wọ́n bò dáadáa.