“Ẹ Ti Sọ Mí Di Odi!” Ọ̀rọ̀ Kámẹ́rà Fẹ́ Dájà Sílẹ̀ n'Ire-Akárí

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú bá wà nínú fídíò tí ohùn kò sí níbẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù? Ohun tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan ní Ire-Akárí, Ìsọlọ̀, nìyẹn. Àpẹẹrẹ ni ìtàn wọn jẹ́ fún gbogbo ilé tó bá fẹ́ fi owó àjọ ra kámẹ́rà, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ wọn.

Télọ̀ ni Bàbá Ìbejì. Aṣọ ni Ìyá Ìbejì ń tà, ọjà Aswani ló sì ń ná ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè. Ọdún tí wọ́n bí àwọn ìbejì ni wọ́n ra kámẹ́rà kékeré kan, irú èyí tó ń wọ àpò. Ní báyìí, àwọn ọmọ ti fẹ́ jáde ilé-ìwé girama, kámẹ́rà náà sì ti darúgbó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, àfi bíi pé ọ̀la ló máa tó ya fótò. Ìyá tó bí Bàbá Ìbejì sì fẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìyá Ìbejì kó àjọ, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kámẹ́rà tuntun ló kù.

“Bàbá Ìbejì, èyí tó ń ṣe slow motion ni mo fẹ́ o,” ó wí. “Ẹ ò rí ti òde tá a lọ lọ́jọ́sí? Bí wọ́n ṣe ń náwó fún ìyàwó, tí owó ń já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ewé igi, tí gèlè rẹ̀ ń yí bíi pé orí omi ló wà. Bí mo ṣe fẹ́ kí Màmá jó nìyẹn.”

Bàbá Ìbejì pòṣé. “Màmá tó ń fi ọ̀pá rìn! Slow motion wo ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Fóònù ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé kì í ya fótò ni?”

Ọ̀rọ̀ di họ́ùhọ́ù. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, “ẹ káàárọ̀” nìkan ló ń kọjá láàárín wọn. Àwọn ìbejì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ bá Bàbá Fótò ládùúgbò.

Bàbá Fótò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ayé “wait and get”, nígbà tí èèyàn máa ń dúró kí wọ́n fọn fótò rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó gbẹ. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n.

“Kí lẹ fẹ́ tọ́jú?”

“Ọjọ́ ìbí Màmá ni, sà,” Ìyá Ìbejì dáhùn.

“Kí ni nínú rẹ̀? Ijó ni, àbí ojú, àbí àdúrà tí Màmá máa gbà?”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Wọn kò tíì rò ó dé ibẹ̀.

Ni Bàbá Fótò bá jókòó tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé. Ó ní fídíò kì í ṣe ohun tó ń ṣàn bí omi. Ọ̀pọ̀ fótò tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni. Fídíò lásán máa ń ya nǹkan bí 25 tàbí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti slow motion á ya 120, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ya 240. Bí wọ́n bá wá ń fi 120 yẹn hàn yín ní ọgbọọgbọ̀n, ìṣẹ́jú-àáyá kan á di mẹ́rin. Ìdí tí owó fi ń já bọ̀ bí ewé nìyẹn. “Bàbá Ìbejì, ó dà bíi pílíìtì tí ẹ̀ ń ṣẹ́ sí síkẹ́ẹ̀tì,” ó wí. “Aṣọ tó pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ bá fà á, ó di gígùn.”

“Ó yé mi,” ni Bàbá Ìbejì wí. “Ṣé fóònù lè ṣe é?”

“Ó lè ṣe é dáadáa. iPhone 5s tó jáde lọ́dún 2013 ti ń ya 120. iPhone 6 tó jáde lọ́dún 2014 ti dé 240. Ọ̀pọ̀ fóònù Android òde òní náà ń ṣe é. Ẹ yẹ inú kámẹ́rà fóònù yín wò kẹ́ ẹ tó náwó.”

Bàbá Ìbejì wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Bàbá Fótò rí i. “Ẹ má tíì yọ̀ o,” ó wí. “Màá gbé kámẹ́rà tèmi wá sílé yín lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lára Màmá.”

Nígbà tó dalẹ́, wọ́n tan gílóòbù inú pálọ̀, wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àga. Ìyá Ìbejì ní slow motion ni kí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ìbejì kúnlẹ̀, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ oríkì wọn. Ó kì wọ́n títí, ó dárúkọ baba ńlá wọn, ó ṣàdúrà sí i, omijé ń bọ́ lójú Ìyá Ìbejì. Nígbà tó parí, Bàbá Fótò tan fídíò náà fún wọn.

Iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ẹnu Màmá ń là, ó ń pa dé, díẹ̀díẹ̀. Ohùn kankan kò jáde.

Màmá tẹjú mọ́ ọn. “Ẹnu mi ni mò ń wò yìí. Ohùn mi dà?” ó bèèrè. “Ẹ ti sọ mí di odi!”

“Ẹ máa bínú, Màmá,” ni Bàbá Fótò wí. “Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín fojú ara wọn rí i ni.”

Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó mú fótò kan tó ti pọ́n wá. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. “Èmi ni ti ọwọ́ ọ̀tún,” Màmá wí. “Èmi náà ni ti ọwọ́ òsì.”

Ìbejì ni Màmá. Táyé rẹ̀ kú ní kékeré. Ìyá wọn mú Kẹ́hìndé tó kù lọ sọ́dọ̀ fótógíráfà, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé lè jókòó ti èkejì rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ìwé yìí lè ti rí irú rẹ̀ rí, nítorí iṣẹ́ tí àwọn fótógíráfà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa ni. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ irú èyí tí èkejì ì bá wọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978. Ohun tí ère ìbejì ń ṣe nílé àwọn baba wa tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà wá ń bá wọn ṣe é.

“Ojú Táyé wà níbí,” Màmá wí, “torí ojú mi náà lojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rántí mọ́. Bí mo bá lọ, kí làwọn ọmọ wọ̀nyí máa fi rántí tèmi?”

Ìjà ọjọ́ mẹ́ta parí síbẹ̀. Bàbá Ìbejì kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ohùn yín la máa kọ́kọ́ tọ́jú.” Bàbá Fótò wá ka ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ fi sọ́kàn.

Èkíní, ohùn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gba ohùn bí wọ́n bá ti yí i sí slow motion. Àwọn fóònù tó ń gbà á, ohùn náà á máa fà bí ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nítorí náà, fídíò lásán ni kẹ́ ẹ fi gba àdúrà, oríkì àti ìtàn àwọn àgbà. Ẹ pa fáànù, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ sún mọ́ wọn. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò tí wọ́n ń ki máíkì sí. Bí kò bá ní, ẹ má tíì sanwó. Slow motion dà bí iyọ̀: fún-ún díẹ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nínú ijó ti tó.

Èkejì, iná. Iná ìjọba wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí sì ń mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú èèyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń ya 120 á rí i kedere. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí fótò bá ṣe pọ̀ tó nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dín kù. Ìta gbangba, lójú ọ̀sán, ni ibi slow motion.

Ẹ̀kẹta, lẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé inú pálọ̀ lẹ ti ń ya ẹbí, ẹ má kó gbogbo owó lé ara kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ 1.8 sí lára ń gba ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìlọ́po 9 ju èyí tó wà ní 5.6 lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí ojú èèyàn dúdú dàpọ̀ mọ́ ògiri lálẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà tàn yín. Orúkọ “120” nìkan kò tó. Canon M50 tó jáde lọ́dún 2018 ń ya 120, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 720 ni, kì í ṣe 1080, kò sì gba ohùn nígbà náà. Sony ZV-E10 tó jáde lọ́dún 2021 ń ya 120 ní 1080. Nọ́ńbà tó ga jù, àwòrán ló mọ́ jù. Ẹ bi wọ́n ní méjèèjì: mélòó ni ó ń yà, àti ní ìwọ̀n wo?

Ẹ̀karùn-ún, tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun búburú, àyẹ̀wò ló ń fẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì. Bó bá ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin, ẹ dá a padà. Bí mọ́tò ṣe ní máìlì, kámẹ́rà náà ní iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí tó sì ti pa dé. Nǹkan bí 100,000 ni wọ́n ṣírò fún ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré. Ẹ wo bátìrì bóyá ó ti wú. Káàdì tí wọ́n kọ V30 sí lára ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ya fídíò kún un kó tó di ọjọ́ òde, torí ayédèrú káàdì pọ̀ nígboro: á pe ara rẹ̀ ní ńlá, kékeré sì ni inú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ wọ danfo láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, wọ́n wọ òmíràn dé Ìkẹjà, wọ́n sì mú Bàbá Fótò dání dé Computer Village. Tòkunbọ̀ tó ní ihò máíkì ni wọ́n rà, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 1.8 kan àti máíkì kékeré. Owó tiẹ̀ ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ òde, wọ́n kọ́kọ́ gba àdúrà Màmá ní òwúrọ̀, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Màmá jáde sí gbangba lójú oòrùn, tó fi ọ̀pá sílẹ̀, tó mi èjìká lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù ni Ìyá Ìbejì fi ṣe slow motion rẹ̀. Bàbá Ìbejì tó ń pòṣé ló wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó sùn.

Owó tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi tẹ fótò sórí ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọmọ Màmá, wọ́n sì fi ohùn Màmá sí ibi méjì, kí ọ̀kan má bàa sọnù kí gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo ọmọ ló pín nínú rẹ̀. Ṣebí Ire-Akárí ni wọ́n ń gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, ta ló ti gba ohùn wọn sílẹ̀? Ẹ kọ lẹ́tà wá. Ó dàbọ̀ ná o.