Orúkọ Oúnjẹ àti Ẹni Tí Ń Rà Á

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ilé, àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀ràn orúkọ oúnjẹ ti di ẹjọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, TofuTown, ń ta oúnjẹ tí a fi ewéko ṣe, ó sì ń pè é ní bọ́tà àti wàràkàṣì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé ohun tí a fi wàrà ẹran ọ̀sìn ṣe nìkan ni ó ni orúkọ wọ̀nyí, bí a tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn là á yé ènìyàn. Síbẹ̀, òfin kan náà gba wàrà àgbọn àti bọ́tà ẹ̀pà láàyè, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹran, ilé ẹjọ́ kan náà wí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé ìjọba Faransé kò lè ka orúkọ bíi sọ́séèjì léèwọ̀ fún oúnjẹ ewéko, bí kò bá tí ì fi òfin pinnu ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí gan-an.

Àwọn darandaran ní ẹjọ́ tiwọn: iṣẹ́ wọn ni ó sọ orúkọ wọ̀nyí di iyebíye. Ṣùgbọ́n ní ọjà wa, ẹni tí ó ra wàrà sóyà mọ̀ dájú pé kì í ṣe wàrà àwọn Fúlàní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti sọ òtítọ́.

Ọ̀nà yìí ni Singapore tọ̀. Ní ọdún 2020, ó kọ́kọ́ yọ̀ǹda títa ẹran adìyẹ tí a bọ́ dàgbà nínú ìkòkò ńlá láti inú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ. Ó sì pàṣẹ pé kí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sọ bí a ti ṣe é.

Èyí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹran adìyẹ lè ṣàìsàn bí a bá sọ fún un pé èyí kì í ṣe adìyẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ sóyà ńkọ́, bí a bá fi orúkọ ẹran bò ó mọ́lẹ̀? Òfin tí ó dára ni èyí tí ó jẹ́ kí ẹni tí ń rà mọ ohun tí ó ń gbé lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ máa ka ẹ̀yìn agolo kí ẹ tó sanwó.